Kùkùté Wo Ni Ẹ Fẹ́ Yọ? Bí A Ṣe Ń Yan Irinṣẹ́ Kí Owó Má Baà Ṣòfò



Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ kùkùté. Wọ́n ti gé igi, igi ti lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kù nílẹ̀. Ọkọ́ ń kọ lù ú. Ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Bí màlúù bá ń fa ohun ìtúlẹ̀, tí irin náà sì há sábẹ́ gbòǹgbò, irin lè tẹ̀, ó sì lè kán. Iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Awakọ̀ tirakítọ̀ náà kì í fẹ́ wọ oko tí kùkùté pọ̀ sí.

Nítorí náà, yíyọ kùkùté lè di iṣẹ́ owó. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà lè kó ara wọn jọ. Olóko òwú, olóko àgbàdo tàbí olóko sóyà lè pè wọ́n. Ní ìlú bíi Sokodé, onílé tí kùkùté máńgòrò wà nínú àgbàlá rẹ̀ lè pè wọ́n pẹ̀lú.

Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ wá: irinṣẹ́ wo ni ká rà? Àwọn kan ti rí ẹ̀rọ kan lórí fóònù. Ẹ̀rọ náà ń fá kùkùté bí ẹni ń fá irun orí. Kí ojú tó ṣẹ́, kùkùté ti di èérún. Ọkàn wọn fà sí i. Wọ́n fẹ́ kó owó àjọ jọ, wọ́n sì fẹ́ lọ yá èyí tó kù.

Ẹ dúró ná. Àwọn àgbà wa ní: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kùkùté tí ẹ fẹ́ yọ, àti iye kùkùté tí ẹ óò rí yọ lọ́dún. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

1. BÍ Ẹ̀RỌ TÍ Ń FÁ KÙKÙTÉ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ẹ̀rọ yìí. Ó ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì náà ń yí kẹ̀kẹ́ irin kan. Eyín líle wà yíká kẹ̀kẹ́ irin náà. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà á máa gbé e lọ sí ọ̀tún, á máa gbé e lọ sí òsì lórí kùkùté. Eyín á máa fá igi díẹ̀ díẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni kékeré tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tì. Agbára rẹ̀ sábà máa ń tó ti ẹṣin 9 sí 15. Èkejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń rìn fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn tirakítọ̀. Ẹ́ńjìnnì tirakítọ̀ ló ń yí i.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹ̀rọ yìí kì í fa kùkùté tu. Ó ń fá a ni. Ohun tó wà lókè ilẹ̀ á lọ. Díẹ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ á lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré kì í wọ ilẹ̀ ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àwọn gbòǹgbò tó nà lọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Fún àgbàlá ilé, èyí dára. Onílé fẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú. Bí a bá fi ipá fa kùkùté tu lẹ́bàá ilé, gbòǹgbò lè gbé ògiri tàbí kí ó fa páìpù omi já. Ẹ̀rọ tí ń fá kùkùté kì í mi ilé.

Fún oko, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ohun ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà sábà máa ń wọ ilẹ̀ tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ wà. Bí ẹ bá fá àárín kùkùté nìkan, olóko á sanwó fún yín, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ á tún kọ lu gbòǹgbò. Kò ní pè yín mọ́. Yóò sì sọ fún àwọn mìíràn.

2. Ẹ KỌ́KỌ́ WO KÙKÙTÉ NÁÀ

Kí ẹ tó dá iye owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin.

Ìbéèrè kìíní: Kí ni olówó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe? Bó bá fẹ́ fi màlúù tàbí tirakítọ̀ túlẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò. Bó bá fẹ́ kọ́ ilé, gbogbo ìdí igi gbọ́dọ̀ kúrò. Igi tó bá jẹrà lábẹ́ ilé máa ń fi àyè sílẹ̀, ikán sì máa ń wá síbẹ̀. Bó bá kàn fẹ́ kí àgbàlá rẹ̀ tẹ́jú, fífá tó.

Ìbéèrè kejì: Igi wo ni? Kì í ṣe gbogbo kùkùté ni ọ̀tá. Kùkùté tẹ́kì máa ń tún hù. Bí olóko bá yan ẹ̀ka tuntun kan tàbí méjì, tó gé ìyókù, yóò tún rí ọ̀pá igi tà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Igi kajú tó ti gbó pẹ̀lú, bí a bá gé e, ó lè tún hù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lè lọ́ ẹ̀ka kajú tó dára mọ́ ọn. Igi òrí àti igi irú náà ń fún àwọn ìyá wa ní owó àti oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni igi òrí fi ń dàgbà kí ó tó so. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí onílẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ilẹ̀ Niger, ní agbègbè Maradi, ọkùnrin ará Australia kan tó ń jẹ́ Tony Rinaudo ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ láti bí ọdún 1983. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aṣálẹ̀. Igi tí wọ́n ń gbìn ń kú. Ó wá rí i pé àwọn kùkùté tó wà nínú oko ṣì wà láàyè lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀ka tó ń hù lára wọn sí. Igi padà sórí ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an, láìgbin igi tuntun. Nítorí náà, nígbà mìíràn, iṣẹ́ tó dára jù lọ lórí kùkùté ni pé kí a fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: Báwo ni ó ṣe tóbi tó? Ẹ fi mítà wọn ìbú rẹ̀ níbi tó ti pàdé ilẹ̀, kì í ṣe lókè. Kùkùté máa ń fẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Kùkùté tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà àti èyí tó jẹ́ 80 kò lè gba owó kan náà.

Ìbéèrè kẹrin: Irú ilẹ̀ wo ni? Ilẹ̀ wa ní ibi púpọ̀ ní òkúta pupa. Òkúta ni ọ̀tá eyín ẹ̀rọ. Eyín kan tó kọ lu òkúta lè kán lójú kan náà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti fi ọkọ́ wa ìdí kùkùté, kí ẹ sì ṣa òkúta kúrò, kí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀.

3. ÀWỌN IRINṢẸ́ TÓ WÀ

Irinṣẹ́ ọwọ́. Ọkọ́, àáké, ṣọ́bìrì, ọ̀pá irin, àti irin tí àwọn elédè Faransé ń pè ní pioche. Iye wọn kò pọ̀. Alágbẹ̀dẹ abúlé lè tún wọn ṣe. Fún kùkùté kékeré, kò sí ohun tó dára jù wọ́n lọ. Fún kùkùté ńlá, wọ́n gba àkókò, ẹ̀yìn á sì máa dun ènìyàn.

Tirfor. Ẹ̀rọ ọwọ́ ni èyí, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò mu epo. Ó jẹ́ àpótí irin tí okùn irin ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ ìdí igi kan tó lágbára. Ẹ so orí okùn irin mọ́ kùkùté. Ẹ wá máa ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ẹ máa fà á sẹ́yìn. Nínú àpótí náà, ohun méjì ń di okùn mú bí ọwọ́ méjì ẹni tó ń fa omi kànga: ọ̀kan dì í mú, èkejì ń fà á. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mẹ́ta: èyí tó ń fa 800 kílò, èyí tó ń fa 1 600 kílò, àti èyí tó ń fa 3 200 kílò. Ènìyàn kan tàbí méjì lè gbé e lọ sí oko tí ọkọ̀ kò lè dé. Bí ẹ bá fi kẹ̀kẹ́ okùn kan sí i, ìyẹn poulie, tí ẹ sì dá orí okùn padà, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ̀kẹ́ okùn tó lè gba agbára náà.

Kí ẹ tó fà, ẹ wa ilẹ̀ yí kùkùté ká. Ẹ fi àáké gé àwọn gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ló rọrùn jù, nítorí ilẹ̀ ti rọ̀.

Ẹ̀rọ agégi. Ẹ̀rọ yìí ń gé igi, kì í yọ kùkùté. Ẹ má ṣe tì í bọ inú ilẹ̀ láti fi gé gbòǹgbò. Erùpẹ̀ máa ń ba eyín rẹ̀ jẹ́ kíákíá. Bí ẹ kò bá ń gé igi lójoojúmọ́, ẹ lè pe ẹni tó ní i, kí ẹ sanwó ọjọ́ fún un.

Iná. Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń sun kùkùté. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀. Iná lè máa jó lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó máa tọ gbòǹgbò lọ. Ní àkókò ọyẹ́, atẹ́gùn lè gbé e lọ sínú oko kajú ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún owó kò gbọ́dọ̀ fi iná sílẹ̀ lẹ́yìn kí ó sì lọ sílé. Bákan náà, ẹ má da iyọ̀, omi bátìrì tàbí epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sórí kùkùté. Wọ́n ń ba ilẹ̀ jẹ́. Wọ́n sì lè dé inú kànga.

Ẹ̀rọ ńlá tí ń wú ilẹ̀. Ó yára. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ rẹ̀ kò bá ṣọ́ra, ó máa ń gbá erùpẹ̀ dúdú òkè ilẹ̀ lọ pẹ̀lú kùkùté. Erùpẹ̀ yẹn ni oúnjẹ ọ̀gbìn. Ẹgbẹ́ kékeré kò lè rà á. Kìkì oko ńlá ni ó yẹ fún.

Ẹ̀rọ tí ń fá kùkùté. A ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dára ní àárín ìlú, lẹ́bàá ilé, àti níbi tí kùkùté pọ̀ tí ọ̀nà sì dára.

Ẹ rántí èyí: Ẹ YAN IRINṢẸ́ KÍ Ẹ TÓ GÉ IGI. Bí ẹ bá fẹ́ fi Tirfor fa kùkùté, ẹ má gé igi náà sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó ga tó àyà ènìyàn, kí ẹ sì so okùn sókè rẹ̀. Gíga yẹn ni yóò ràn yín lọ́wọ́ láti yí gbòǹgbò lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ fá a, ẹ gé e kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, kí eyín ẹ̀rọ má baà fá ohun tí ẹ̀rọ agégi ì bá ti gé. Ẹni tó bá gé igi kí ó tó ronú ti sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ di méjì.

4. Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ mú ìwé àti bíìrò. Iye owó tí a kọ síhìn-ín kì í ṣe iye ọjà. Àpẹẹrẹ ni, kí a lè kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò fi iye tòótọ́ sí i.

Ká ní ọ̀dọ́ mẹ́fà ra Tirfor, okùn irin àti irinṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 240 000 fàráǹkì. Wọ́n rò pé yóò lò tó ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń yọ kùkùté mẹ́rin lójúmọ́, àti 200 lọ́dún. Ní ọdún mẹ́ta, ó jẹ́ 600 kùkùté.

Irinṣẹ́: 240 000 ÷ 600 = 400 fàráǹkì lórí kùkùté kan.
Owó iṣẹ́: ènìyàn 6 × 1 500 = 9 000 lójúmọ́. 9 000 ÷ 4 = 2 250.
Àtúnṣe àti okùn tuntun: 150.
Àpapọ̀: 2 800 fàráǹkì.

Bí wọ́n bá gba 3 500 lórí kùkùté kan, 700 fàráǹkì ló kù fún àpò ẹgbẹ́.

Ká tún ní ẹgbẹ́ mìíràn ra ẹ̀rọ tí ń fá kùkùté ní 1 800 000 fàráǹkì. Yóò lò tó ọdún mẹ́ta. Ènìyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lè fá kùkùté mẹ́wàá lójúmọ́. Epo, eyín ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ jẹ́ 2 800 lórí kùkùté kan. Kí ni a ó fi kún un fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀?

Bí wọ́n bá rí kùkùté 1 800 fá ní ọdún mẹ́ta: 1 800 000 ÷ 1 800 = 1 000. Àpapọ̀ jẹ́ 3 800.
Bí wọ́n bá rí 600: 1 800 000 ÷ 600 = 3 000. Àpapọ̀ jẹ́ 5 800.
Bí wọ́n bá rí 100 péré: 1 800 000 ÷ 100 = 18 000. Àpapọ̀ jẹ́ 20 800.

Ẹ rí i? Ẹ̀rọ kan náà ni. Ẹ̀rọ kò yí padà. Iye kùkùté ló yí padà. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lè bọ́ olówó rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sùn nínú àká ń jẹ olówó rẹ̀. Bí ẹ bá sì yá owó rà á, èlé owó náà kì í sùn. Ẹ fi èlé kún ìṣirò yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó rà á, ẹ rìn yí ìlú ká. Ẹ ka kùkùté. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín: "Bí a bá yọ ọ́ fún iye báyìí, ṣé ẹ óò san án?" Ẹ kọ orúkọ àwọn tó gbà. Kùkùté tí ẹnikẹ́ni kò ní sanwó lé lórí kì í ṣe ọjà.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní ewu púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ ọwọ́ àti Tirfor. Ẹ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Ẹ kọ gbogbo kùkùté tí ẹ yọ sínú ìwé: ọjọ́, ibi, igi, ìbú, owó. Ẹ kọ àwọn iṣẹ́ tí ẹ kò lè gbà pẹ̀lú, nítorí pé Tirfor kò lè ṣe é lẹ́bàá ilé. Ní òpin ọdún, ìwé náà yóò sọ fún yín bóyá ó tó àkókò láti ra ẹ̀rọ ńlá. Ohun tí a fi ń mọ ìwé kíkà àti kíkọ nìyẹn.

5. OHUN TÍ Ẹ ÓÒ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ẸNI TÓ Ń TÀ Á

Bí ìwé yín bá sọ pé ó tó àkókò, ẹ má sanwó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí:

- Ẹ jẹ́ kí ó tan ẹ́ńjìnnì níwájú yín nígbà tó tutù. Ẹ̀rọ tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ lè fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́.
- Ẹ jẹ́ kí ó fá kùkùté kan ní ojú yín, nínú irú ilẹ̀ tí ẹ ní.
- Ẹ béèrè iye eyín tó wà lára kẹ̀kẹ́ irin náà, iye owó eyín kan, àti ibi tí a ti ń rà á. Bí ó bá jẹ́ pé Lomé nìkan ló wà, tàbí òkè òkun, ẹ ra ẹ̀kún kan sílẹ̀.
- Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní Sokodé tàbí ní Tchamba bóyá ó mọ irú ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì yín mọ̀ sàn ju èyí tó lágbára tí kò sí ẹni tó lè ṣí i.
- Ẹ wọn ìbú ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Bí kò bá lè wọlé, kò lè ṣiṣẹ́.
- Ẹ béèrè bí ó ṣe wúwo tó, àti ọkọ̀ tí yóò gbé e.
- Ẹ wo bóyá ìbòrí irin tó ń dáàbò bo ènìyàn wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò, ẹ má rà á.

Ẹ rántí pé ohun tó ń ti òkè òkun wá lè wọ́n lójijì. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín agbára owó sẹfá kù sí ìdajì sí owó Faransé, ọ̀pọ̀ ohun tó ń ti òkè òkun wá sì wọ́n gan-an. Alágbẹ̀dẹ lè rọ ọkọ́. Kò lè rọ eyín ẹ̀rọ yìí.

6. Ẹ ṢỌ́ ARA YÍN

Owó tí a rí tí a sì fi ojú kan san kì í ṣe èrè.

Ojú àti etí. Ẹ̀rọ tí ń fá kùkùté máa ń sọ òkúta àti èérún igi jìnnà. Ẹ wọ gíláàsì ojú tó le. Ẹ fi ohun dí etí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí òǹwòran sún mọ́ ibẹ̀.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ má wọ agbádá tàbí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fi ọwọ́ kan eyín rẹ̀.

Okùn irin. Okùn tó bá já máa ń na ènìyàn bí pàṣán, ó sì lè pa á. Ẹ má rékọjá lórí okùn tó le. Ẹ má dúró sí ọ̀nà tí okùn gbà. Ẹ da àpò tó wúwo tàbí aṣọ nípọn lé e lórí. Bí okùn bá ti ń hu irun irin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tirfor ní irin kékeré tí wọ́n ṣe kí ó lè kán bí ẹrù bá pọ̀ jù. Bó bá kán, ó ń sọ fún yín pé kí ẹ dúró. Ẹ má fi ìṣó rọ́pò rẹ̀ láé.

Epo. Ẹ má rọ epo sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ má mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa epo.

Ejò àti àkekèé. Wọ́n fẹ́ràn ihò abẹ́ kùkùté. Ẹ fi ọ̀pá tú u wò kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ di igi mọ́ ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kí ó má mì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọgbẹ́. Ọgbẹ́ tí erùpẹ̀ wọ̀ lè mú tẹ́tánọ́sì wá, àìsàn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iṣan ara le, tí ó sì ń pani. Abẹ́rẹ́ wà tó ń dènà rẹ̀. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ihò. Bí ẹ bá yọ kùkùté tán, ẹ dí ihò náà. Màlúù lè kán ẹsẹ̀ níbẹ̀. Omi òjò lè dúró níbẹ̀, ẹ̀fọn á sì yé ẹyin sínú rẹ̀, ibà á sì wọlé.

7. Ẹ MÁ GBÀGBÉ ÒFIN

Òfin igbó ti ilẹ̀ Togo, tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2008, ń darí bí a ṣe ń gé igi àti bí a ṣe ń ṣán igbó. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni a lè wọ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ wa. Igbó Abdoulaye wà ní agbègbè wa, ìjọba sì ti dá a sí láti ọdún 1951. Bí ẹnìkan bá pè yín wá yọ kùkùté nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n bá nídìí iṣẹ́ ni wọn yóò mú. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní Tchamba. Ẹ béèrè kí ẹ tó gé igi, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó ra ẹ̀rọ agégi. Ní ìlú, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí páìpù omi àti okùn iná mànàmáná gbà lábẹ́ ilẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ẹ kàn sí àwọn òṣìṣẹ́ omi àti ti CEET.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, a ń gbin igi jákèjádò Togo. Láti ọdún 1977 ni àṣà yìí ti wà. Ẹgbẹ́ tó ń fi kùkùté jẹun yẹ kí ó wà lára àwọn tó ń gbìn.

8. NÍ KÚKÚRÚ

- Kì í ṣe gbogbo kùkùté ló yẹ kí a yọ.
- Fún oko tí a fẹ́ túlẹ̀, ẹ fa gbòǹgbò. Fún àgbàlá, fífá lè tó.
- Ẹ yan irinṣẹ́ kí ẹ tó gé igi.
- Ẹ pín iye ẹ̀rọ sí iye kùkùté, kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n tàbí pé kò wọ́n.
- Ẹ ra ohun tí mẹkáníìkì yín lè tún ṣe.
- Ẹ dáàbò bo ara yín, ẹ dí ihò, ẹ bọ̀wọ̀ fún òfin.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú oko tiyín, kùkùté mélòó ló wà? Èwo nínú wọn ni ẹ óò fi sílẹ̀ kí ó tún hù? Kí ló dé?
2. Kí ni ó fà á tí ẹ̀rọ tí ń fá kùkùté kò fi tó fún oko tí màlúù ń túlẹ̀?
3. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ kan ní 900 000 fàráǹkì. Wọ́n lè rí kùkùté 450 yọ ní ọdún mẹ́ta. Èló ni ẹ̀rọ náà yóò ná wọn lórí kùkùté kan? Bí wọ́n bá rí 150 péré ńkọ́?
4. Bí irin kékeré inú Tirfor bá kán, kí ni ẹ óò ṣe, kí sì ni ẹ kò ní ṣe?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí ẹ kà á sókè fún àwọn yòókù. Ẹni tó bá ti mọ iye kùkùté rẹ̀ ti mọ irinṣẹ́ tí yóò rà.